Ìwọ̀n Agbára Nínú Eré-Ìje Kẹ̀kẹ́

Kò sí ẹni tí ó ti gun kẹ̀kẹ́ rí tí kò mọ̀ pé ọ̀nà kì í dọ́gba fún ẹsẹ̀ nígbà gbogbo. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ilé-ìwé, kẹ̀kẹ́ bàbá mi ni mo ń gùn lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Òkè kan wà ní àárín ọ̀nà wa. Bí mo bá ń lọ ní òwúrọ̀, èmi a sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè náà bí àṣá tí ó rí òròmọdìẹ. Pẹ́dàlì kò fẹ́ ẹsẹ̀ mi rárá. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń bọ̀ ní ọ̀sán, ojú mi a pọ́n, òógùn a máa ro sí mi lójú, àwọn tí ń fi ẹsẹ̀ rìn a sì máa kọjá lára mi. Bí ẹnìkan bá jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní ọ̀gangan òkè náà, tí ó sì ń fi aago wọn ìrìn mi, yóò sọ pé akíkanjú ni mí ní òwúrọ̀, yóò sì pè mí ní ọ̀lẹ ní ọ̀sán. Irọ́ ni yóò pa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé aago rẹ̀ kò purọ́.

Ọ̀rọ̀ tí ó wà níwájú wa nìyí: báwo ni a ṣe lè mọ iṣẹ́ tí ẹsẹ̀ ènìyàn ṣe, nígbà tí ó jẹ́ pé ìyára kẹ̀kẹ́ rẹ̀ nìkan ni ojú wa rí? Àwọn tí ń fi eré-ìje kẹ̀kẹ́ wá oúnjẹ òòjọ́ wọn ní ilẹ̀ Yúróòpù ti ń wá ìdáhùn sí ìbéèrè yìí láti ọjọ́ pípẹ́. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré lásán ni lójú wọn. Ní ọdún 2015, ìdáhùn náà di ohun tí a fi lè ba orúkọ ènìyàn jẹ́ tàbí kí a fi gbà á sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹ ó ti rí i níwájú.

Nínú gbogbo eré-ìje kẹ̀kẹ́ tí ó wà ní ayé, èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ ni èyí tí a ń pè ní Tour de France. Ọdún 1903 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé, wọn kò sì dá a dúró àfi ní ìgbà ogun àgbáyé méjèèjì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi ń sá a, ní ìpele 21, ọ̀nà tí wọ́n sì ń rìn a máa lé ní kìlómítà 3,000. Wọ́n a gun orí òkè ńláńlá tí yìnyín kì í tán ní orí àwọn mìíràn nínú wọn; wọ́n a sá ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ti ń gbá ènìyàn sí ẹ̀gbẹ́ kan. Wọ́n a ro àkókò tí olúkúlùkù lò ní ojoojúmọ́ pọ̀, ẹni tí àkókò tirẹ̀ bá kéré jù lọ ni yóò wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ìyeyè. Aago ni adájọ́ wọn.

Ó ti pẹ́ tí àwọn agunkẹ̀kẹ́ wọ̀nyí ti ń gbọ́ ìròyìn ara wọn láti ẹnu síléètì. Ẹnìkan a jókòó sí ẹ̀yìn alùpùpù, a máa fi ẹfun kọ nọ́ńbà àwọn tí ó ti sá ṣáájú àti iye ìṣẹ́jú tí wọ́n fi ṣáájú, a sì gbé síléètì náà sókè kí àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn lè kà á. Ohun tí wọ́n ní nìyẹn. Bí alùpùpù kò bá sí nítòsí, wọn kò mọ nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí aago nìkan lè sọ, àti ohun tí kò lè sọ. Ní ọjọ́ 23 oṣù keje ọdún 1989, ìpele tí ó kẹ́yìn eré náà jẹ́ èyí tí olúkúlùkù ń dá sá ní òun nìkan, láti Versailles dé Paris, ìrìn kìlómítà 24.5. Laurent Fignon, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni ó wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ìyeyè. Ìṣẹ́jú-àáyá 50 ni ó fi ṣáájú Greg LeMond, ọmọ Amẹ́ríkà. LeMond fi irin kan kún ọwọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ tí ó jẹ́ kí ó lè na apá rẹ̀ méjèèjì síwájú, kí ó sì ba bí ológbò tí ń ṣọ́ eku. Ó dé àṣíborí tí ó ṣe ṣóńṣó sí ẹ̀yìn. Fignon kò dé nǹkan kan. Irun orí rẹ̀ tí ó dì sẹ́yìn ni afẹ́fẹ́ ń gbé kiri. LeMond ti sọ fún àwọn tí ń fi ọkọ̀ tẹ̀lé e pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe pe iye àkókò sí òun létí. Ó sá eré náà ní ìṣẹ́jú 26 àti ìṣẹ́jú-àáyá 57. Fignon fi ìṣẹ́jú-àáyá 58 pẹ́ jù ú lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àti ìrìn tí ó lé ní kìlómítà 3,200, ìṣẹ́jú-àáyá 8 péré ni ó ya àwọn ọkùnrin méjèèjì.

Títí di òní ni àwọn ènìyàn ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ṣé ẹsẹ̀ LeMond ni ó le jù ni, tàbí irin tí ó fi kún ọwọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀? Ṣé irun Fignon ni ó jẹ gbèsè náà? Aago kò lè dáhùn. Ohun tí a mọ̀ ni pé afẹ́fẹ́ kì í ṣe ọ̀tá kékeré. Bí ènìyàn bá sọ ìyára rẹ̀ di méjì, afẹ́fẹ́ yóò tì í padà ní ìlọ́po mẹ́rin, agbára tí yóò sì fi borí afẹ́fẹ́ náà yóò di ìlọ́po mẹ́jọ. Nítorí náà ni ó fi jẹ́ pé ní orí ilẹ̀ títẹ́jú, ẹni tí ó bá mọ bí a ti ń tẹ ara mọ́lẹ̀ lè fi agbára kékeré lé ẹni tí ó sanra lágbára jù ú lọ bá.

Ní ọdún 2015, àwọn tí ń ṣe ètò Tour de France fi ẹ̀rọ atọpasẹ̀ kékeré kan sí abẹ́ ìjókòó kẹ̀kẹ́ gbogbo àwọn 198 tí ó bẹ̀rẹ̀ eré náà. Dimension Data, ilé-iṣẹ́ tí a dá sílẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà, ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Bí ẹ̀rọ náà ti ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro láti yé ènìyàn. Àwọn sátẹ́láìtì wà ní òfuurufú tí ń yí ayé ká, tí olúkúlùkù wọn ń kéde wákàtí tí ó wà lára aago rẹ̀ láìsinmi. Ìkéde náà a máa pẹ́ díẹ̀ kí ó tó dé ilẹ̀, ó sì dá lórí bí sátẹ́láìtì náà ti jìnnà tó. Bí ẹ̀rọ tí ó wà ní abẹ́ ìjókòó bá gbọ́ ìkéde mẹ́rin láti ibi mẹ́rin, tí ó sì mọ bí ìkọ̀ọ̀kan ti pẹ́ tó, ó lè ṣírò ibi tí òun tìkara rẹ̀ wà ní orí ilẹ̀ ayé. Yóò sì fi ìròyìn náà ránṣẹ́ nípa rédíò, títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà ní ibi tí eré yóò ti parí. Láti inú ibi tí kẹ̀kẹ́ wà ni wọ́n ti ń mọ ìyára rẹ̀, àti bí ọ̀wọ́ kan ti jìnnà sí ìkejì, àti ẹni tí ń yọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ padà sẹ́yìn nígbà tí kámẹ́rà kò sí ní ọ̀dọ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ síléètì wá di iṣẹ́ sátẹ́láìtì.

Àǹfààní ńlá ni èyí, èmi kò sì ní bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé ọkùnrin tí ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀. Ẹ̀rọ atọpasẹ̀ ń sọ ibi tí kẹ̀kẹ́ wà. Kò sọ ohun tí ó ná ẹni tí ó gùn ún. Ọ̀wọ́ àwọn agunkẹ̀kẹ́ ni ó fi èyí hàn kedere jù lọ. Bí àwọn ènìyàn bí ọgọ́rùn-ún bá ń sá lọ papọ̀, tí táyà ẹnìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ti ẹnìkejì, ìyára kan náà ni ẹ̀rọ yóò kọ sílẹ̀ fún gbogbo wọn. Síbẹ̀ ẹni tí ó wà níwájú ni ó ń la afẹ́fẹ́ fún àwọn yòókù. Ní ọdún 2018, ọ̀jọ̀gbọ́n Bert Blocken àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí lórí ọ̀wọ́ àwọn agunkẹ̀kẹ́ 121, wọ́n fi kọ̀ǹpútà ṣírò rẹ̀, wọ́n sì fi àwọn ère kéékèèké dán an wò nínú ihò tí a ti ń fẹ́ afẹ́fẹ́. Wọ́n rí i pé ẹni tí ó fara pamọ́ sí àárín ọ̀wọ́ náà tàbí sí ẹ̀yìn rẹ̀ lè máa pàdé ìdá 5 sí 10 péré nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ tí ìbá dojú kọ bí ó bá ń dá lọ. Ìdí nìyí tí àwọn tí ẹsẹ̀ wọn yá ní ìparí eré fi ń sá pamọ́ sí ẹ̀yìn àwọn ẹlẹ́gbẹ́ wọn láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán. Biniam Girmay, ọmọ ilẹ̀ Eritrea, tí ó di aláwọ̀ dúdú ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó gba ìpele kan nínú Tour de France, tí ó sì gba mẹ́ta ní ọdún 2024 kan náà, kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ bí kò bá mọ ìgbà tí ó yẹ kí ènìyàn fara pamọ́ àti ìgbà tí ó yẹ kí ó jáde.

Nítorí náà, bí a bá fẹ́ mọ iṣẹ́ ẹsẹ̀, ibi tí ẹsẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ ni a ní láti lọ wọ̀n ọ́n. Ulrich Schoberer, onímọ̀ ẹ̀rọ kan ní ilẹ̀ Jámánì, ni ó ṣe èyí ní ọdún 1986. Ó mọ̀ pé irin, bí ó ti wù kí ó le tó, a máa tẹ̀ díẹ̀ nígbà tí a bá fi agbára tẹ̀ ẹ́, bí ojú kò tilẹ̀ lè rí i. Ó lẹ àwọn wáyà tín-ín-rín mọ́ irin tí ó so pẹ́dàlì pọ̀ mọ́ ṣéènì. Bí irin náà bá tẹ̀, wáyà a nà pẹ̀lú rẹ̀. Bí wáyà bá sì nà, iná mànàmáná kì í rí ọ̀nà kọjá nínú rẹ̀ bí ti tẹ́lẹ̀. Láti inú ìyàtọ̀ kékeré yìí ni a ti ń mọ bí ẹsẹ̀ ti tẹ pẹ́dàlì tó. Bí a bá sì mọ iye ìgbà tí pẹ́dàlì ń yí po ní ìṣẹ́jú kan, a ti mọ agbára tí ẹni náà ń lò. LeMond tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ lo ẹ̀rọ náà. Lónìí kò sí ẹgbẹ́ ńlá kan tí kò ní i.

Wọ́ọ̀tì ni a fi ń ka agbára yìí. Kí ẹ má bàa rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó lásán ni, ẹ lọ sí ibi kànga. Bí ènìyàn bá fa korobá omi tí ó wọn kílò 10 sókè ní mítà 1, tí ó sì ṣe é láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 1, wọ́ọ̀tì 98 ni agbára tí ó lò. Kò ṣòro láti ṣe é lẹ́ẹ̀kan. Ẹ gbìyànjú láti máa ṣe é láìdúró fún ìṣẹ́jú 5, ẹ ó mọ ohun tí mò ń wí. Ní orí òkè, wọ́ọ̀tì nìkan kò tó. A ní láti fi ìwọ̀n ara ẹni pín in, nítorí pé ẹni tí ó tóbi ń gbé ara rẹ̀ gun òkè, ẹni tí ó tín-ín-rín náà ń gbé tirẹ̀, ẹrù wọn kò sì dọ́gba. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé lágbájá lo wọ́ọ̀tì mélòó fún kílò kọ̀ọ̀kan.

Mo wá dé ibi tí mo ń lọ. Chris Froome sá eré fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n Nairobi ní ilẹ̀ Kenya ni a gbé bí i ní ọdún 1985, ibẹ̀ ni ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí gun kẹ̀kẹ́. Ní ọjọ́ 14 oṣù keje ọdún 2015, àwọn agunkẹ̀kẹ́ Tour de France dé ẹsẹ̀ òkè La Pierre-Saint-Martin, ní ààlà ilẹ̀ Faransé àti Sípéènì. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ Froome kọ́kọ́ la afẹ́fẹ́ fún un. Nígbà tí ó kù bí kìlómítà mẹ́fà, ó jáde láàárín wọn, ó sì fi gbogbo wọn sílẹ̀. Ìṣẹ́jú-àáyá 59 kọjá kí ẹni tí ó ṣe ìkejì tó dé.

Inú àwọn ènìyàn ìbá dùn sí i ní ìgbà mìíràn, ṣùgbọ́n ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. Ní ọdún 2012 ni wọ́n gba ẹ̀bùn ọdún méje lọ́wọ́ Lance Armstrong, láti 1999 dé 2005, nítorí pé ó ti ń lo oògùn tí òfin eré kọ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2013 ni òun fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni tí ó bá sá eré tí ó ya ni lẹ́nu, wọ́n a wò ó ní ìwòkuwò. Ní ọjọ́ 18 oṣù keje, nígbà tí Froome ń sá lọ sí Mende, ọkùnrin kan ní ẹ̀bá ọ̀nà da ife ìtọ̀ sí i lára, ó sì ń kígbe pé oògùn ni ó ń lò. Ní ọjọ́ kejì, ètò kan lórí amóhùnmáwòrán ilẹ̀ Faransé sọ fún gbogbo ayé pé Froome ti lo wọ́ọ̀tì 7.04 fún kílò kọ̀ọ̀kan ní orí òkè náà. Iye yìí pọ̀ púpọ̀ lójú àwọn tí ó mọ ohun tí ara ènìyàn lè ṣe. Ṣùgbọ́n wọn kò rí inú ẹ̀rọ tí ó wà lára kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Láti ẹ̀yìn òde ni wọ́n ti ṣírò rẹ̀.

Nígbà tí ó di ọjọ́ 21 oṣù keje, ọjọ́ tí àwọn agunkẹ̀kẹ́ ń sinmi, Tim Kerrison tí ó jẹ́ olùkọ́ni nínú ẹgbẹ́ Froome pe àwọn oníròyìn, ó sì ṣí ìwé ẹ̀rọ náà sílẹ̀. Ó ní Froome lo nǹkan bí ìṣẹ́jú 41 àti ààbọ̀ láti gun òkè náà, ẹ̀rọ sì kọ wọ́ọ̀tì 414 sílẹ̀. Ìwọ̀n Froome jẹ́ kílò 67.5. Ó wá fi kún un pé irin eléyín tí ṣéènì Froome ń gbà yí po kò rí róbótó. Ó rí bí ẹyin ni. Ẹ̀rọ náà gbà pé ẹsẹ̀ ń yí po ní ìyára kan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n irin tí ó rí bí ẹyin a máa mú kí ẹsẹ̀ falẹ̀ ní ibi tí ó ti ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ jù lọ, nítorí náà ẹ̀rọ a ka agbára náà ní àkàjù. Wọ́n ní kí a yọ ìdá 6 kúrò nínú ọgọ́rùn-ún. Ohun tí ó kù jẹ́ nǹkan bí wọ́ọ̀tì 389, èyí tí wọ́n kéde gẹ́gẹ́ bí 5.78 fún kílò kọ̀ọ̀kan.

5.78 àti 7.04. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín méjèèjì ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín akíkanjú àti olè lójú ẹni tí ó da ìtọ̀ síni lára. Ta ni kí a gbà gbọ́? Ẹ mú bébà àti pẹ́ńsù, kí àwa náà ṣírò rẹ̀.

Òkè náà gùn ní kìlómítà 15.3, bí ènìyàn bá sì rin ọgọ́rùn-ún mítà níbẹ̀, yóò ti ga sí i ní mítà 7.4. Gbogbo gíga rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè jẹ́ mítà 1,132. Froome wọn kílò 67.5, òfin kò gbà kí kẹ̀kẹ́ eré-ìje fúyẹ́ ju kílò 6.8 lọ, bí a bá ro aṣọ, bàtà àti omi mọ́ ọn, ẹ jẹ́ kí a pe àpapọ̀ rẹ̀ ní kílò 76. Láti gbé kílò 1 sókè ní mítà 1, iṣẹ́ tí a óò ṣe jẹ́ júùlù 9.8. Ẹ sọ 76 di ìlọ́po 9.8, kí ẹ sì sọ ìyẹn di ìlọ́po 1,132. Ẹ ó rí 843,000 àti díẹ̀. Ìṣẹ́jú 41 àti ààbọ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 2,490. Bí ẹ bá fi pín in, ohun tí ẹ ó rí jẹ́ 339. Wọ́ọ̀tì 339 yìí ni òkè nìkan gbà lọ́wọ́ Froome, kò sì sí ẹni tí ó lè jiyàn rẹ̀, nítorí pé òkè kò yí ipò padà, aago kò sì purọ́.

Bí ó bá jẹ́ òtítọ́ ni Kerrison sọ, wọ́ọ̀tì 50 ni ó kù fún afẹ́fẹ́ àti fún ìfọwọ́ra táyà pẹ̀lú ọ̀nà. Bí ó bá jẹ́ àwọn amóhùnmáwòrán ni ó sọ òtítọ́, ẹ sọ 7.04 di ìlọ́po 67.5, ẹ ó rí 475. Ohun tí ó kù fún afẹ́fẹ́ àti ọ̀nà wá di 136. Ìyára Froome ní orí òkè náà jẹ́ kìlómítà 22 ní wákàtí kan. Ní ìyára bẹ́ẹ̀, bí afẹ́fẹ́ bá dákẹ́ jẹ́ẹ́, wọ́ọ̀tì 50 sí 65 ni èmi ṣírò pé ọ̀nà àti afẹ́fẹ́ yóò gbà. Kí ó tó lè gba 136, afẹ́fẹ́ ní láti máa fẹ́ pàdé rẹ̀ lójú ní nǹkan bí kìlómítà 14 ní wákàtí kan, láti ẹsẹ̀ òkè títí dé orí rẹ̀, láìsí ẹlẹ́gbẹ́ kan níwájú rẹ̀ tí yóò gbà á sílẹ̀.

Nígbà tí mo kọ ìṣirò yìí sí ojú pátákó fún kíláàsì mi, inú wọn dùn, wọ́n sì rò pé ẹjọ́ ti parí. Ọmọ kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀ ni ó na ọwọ́ sókè ní ẹ̀yìn. Ó ní, “Ẹ jọ̀wọ́ sà, ta ni ó wọn afẹ́fẹ́?” Mo dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ìbéèrè tí ó yẹ kí àwọn àgbàlagbà béèrè ní ọdún 2015 ni ọmọ náà béèrè. Ojú ọ̀nà òkè a máa yí. Ibì kan a máa gba afẹ́fẹ́ sí ẹ̀yìn, ibì kan a máa gbà á sí iwájú, igbó a sì máa bò ó ní ibòmíràn. Ẹni tí ó bá ṣírò agbára láti ẹ̀yìn òde, tí kò mọ afẹ́fẹ́, tí kò sì wọn ara agunkẹ̀kẹ́ náà ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, lè rí ibi tí òtítọ́ wà láti òkèèrè, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ó fi nọ́ńbà méjì kún un lẹ́yìn ojú àmì bí ẹni tí ó di òṣùwọ̀n mú ní ọwọ́. 7.04 dà bí ohun tí a fi òṣùwọ̀n wọ̀n. Bí wọ́n bá ti wí pé “ó tó bí 6 tàbí 7”, ta ni ìbá fi ìyẹn ṣe ìkéde?

Ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ Kerrison pàápàá kò ṣàìní ìbéèrè. Ẹgbẹ́ Froome ni ó ni ẹ̀rọ, òun ni ó ka ìwé rẹ̀, òun náà ni ó sọ pé kí a yọ ìdá 6. Ìdá 6 yẹn pọ̀. Bí a kò bá yọ ọ́, 414 jẹ́ 6.13 fún kílò kọ̀ọ̀kan, yóò sì fi 75 sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́ àti ọ̀nà, èyí tí kò jìnnà sí ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀. Lójú tèmi, ìṣirò wa sún mọ́ ọ̀rọ̀ Kerrison ju ti àwọn amóhùnmáwòrán lọ, n kò sì bẹ̀rù láti sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn tún wà tí àwọn méjèèjì kò lè wọ̀n. Wọ́ọ̀tì kò mọ ohun tí ń bẹ nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn. Ẹni tí ó lo oògùn lè falẹ̀, ẹni tí kò lò ó sì lè yára. Àwọn tí ń yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ wò ni iṣẹ́ yẹn wà ní ọwọ́ wọn, ẹ̀rọ tí ó wà lára pẹ́dàlì kò sì lè gbà á ṣe fún wọn.

Froome gba eré náà ní ọdún yẹn. Ìṣẹ́jú 1 àti ìṣẹ́jú-àáyá 12 ni ó fi ṣáájú Nairo Quintana, ọmọ ilẹ̀ Colombia. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹjọ, ó lọ sí yàrá ìwádìí kan ní Lọ́ńdọ̀nù tí kì í ṣe ti ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ní kí wọ́n wọn òun bí wọ́n ti fẹ́. Wọ́n gbé e lé kẹ̀kẹ́ tí kò rìn, wọ́n fi ohun èlò bo imú àti ẹnu rẹ̀ láti mọ iye ọ́síjìn tí ara rẹ̀ ń gbà, wọ́n sì ń fi kún ẹrù rẹ̀ títí kò fi lè lọ mọ́. Ó ti sanra díẹ̀ láti ìgbà tí eré ti parí, ó wọn kílò 69.9. Ara rẹ̀ gba mílílítà ọ́síjìn 84.6 fún kílò kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú kan. Agbára tí ó ga jù lọ tí ó dé jẹ́ wọ́ọ̀tì 525. Èyí tí ó lè gbé fún ogún ìṣẹ́jú tàbí ogójì láìrẹ̀ jẹ́ 419. Ní oṣù kejìlá ni wọ́n tẹ èsì náà jáde. Ẹni tí ó lè gbé 419 nínú yàrá, kì í ṣe ohun ìyanu bí ó bá gbé 389 fún ìṣẹ́jú 41 ní orí òkè, tí í ṣe bí ẹni tí ń fa korobá omi mẹ́rin papọ̀ láti inú kànga, ní mítà kan fún ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, láìgbé wọn kalẹ̀ títí ìṣẹ́jú 41 fi pé.